Ìtò Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì: Ti Ẹnu àti Ti Kálàmù

Ọ̀ràn kan wà tí ó kan gbogbo àwa tí a ń múra láti dúró níwájú ọmọ ẹlòmíràn. Ọ̀ràn náà ni bí a ó ti ṣe kọ́ wọn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó ń jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ tí ó mọ ohun tí à ń pè ní ọ̀rọ̀-orúkọ àti ọ̀rọ̀-ìṣe ní àkọ́sórí, tí ó sì mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá ya ẹnu láti sọ gbólóhùn mẹ́ta, ẹni tí ó ni èdè náà yóò ní kí ó tún un sọ. Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ wọ́n ọmọ náà. Bí a ti ń to ọ̀rọ̀ ni kò mọ̀. Èrò wa ni pé ohun méjì ni ó yẹ kí a máa kọ́ àwọn ọmọ. Èkíní ni pé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìtò tirẹ̀ tí ó ń bá rìn. Èkejì ni pé ìtò tí ẹnu ń lò kì í fi ìgbà gbogbo jẹ́ èyí tí kálàmù ń lò.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀-ìṣe bẹ̀rẹ̀. Ní Yorùbá a ń wí pé, "Mo fẹ́ kí ó lọ." Ọmọ tí ó bá tò ó bẹ́ẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì yóò wí pé, "I want that he should go." Gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ni ó jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ìtò rẹ̀ jẹ́ ti Yorùbá, "I want him to go" ni àwọn tí ó ni èdè ń wí. Bí ọmọ náà bá sì tún mú ìtò yìí lọ bá "suggest", ó ti ṣìnà lẹ́ẹ̀kejì, nítorí wọn kì í wí pé, "He suggested me to go". "He suggested that I should go" ni. "Tell" gbà kí a wí pé, "Tell me the story", ṣùgbọ́n "explain" kò gbà bẹ́ẹ̀. "Explain the story to me" ni ó fẹ́. "Enjoy" fẹ́ kí "reading" tẹ̀lé òun, kò fẹ́ "to read". Nígbà mìíràn, ìtò a máa yí ìtumọ̀ padà pátápátá. Ẹni tí a wí nípa rẹ̀ pé "he stopped talking" ti dákẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí a wí nípa rẹ̀ pé "he stopped to talk", ńṣe ni ó dúró kí ó lè sọ̀rọ̀. Nítorí náà, olùkọ́ tí ó bá kọ "stop" àti ìtumọ̀ rẹ̀ nìkan sí ara pátákó kò tíì kọ́ ọmọ ní ọ̀rọ̀ náà.

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tuntun. A. S. Hornby, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ ṣe iṣẹ́ olùkọ́ ní ilẹ̀ Jàpáànù ní ọdún 1924. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì, Gatenby àti Wakefield, ṣe ìwé atúmọ̀ èdè kan fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, èyí tí a tẹ̀ ní Jàpáànù ní ọdún 1942, tí ilé-ìtẹ̀wé Yunifásítì Oxford sì tún gbé jáde ní ọdún 1948. Ìtumọ̀ nìkan kọ́ ni wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe nínú ìwé náà. Wọ́n pín ìtò àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe sí ọ̀nà 25, wọ́n sì fi àmì sí wọn kí akẹ́kọ̀ọ́ lè mọ ọ̀nà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń tọ̀. A kò bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Jàpáànù sínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, gẹ́gẹ́ bí a kò ti bí ọ̀pọ̀ nínú àwa náà sínú rẹ̀. Ohun tí a ṣe fún wọn yẹ àwọn ọmọ tiwa pẹ̀lú.

Nísinsìnyí a dé ibi tí àríyànjiyàn wà. Àwọn kan gbà pé Gẹ̀ẹ́sì ti inú ìwé nìkan ni Gẹ̀ẹ́sì tòótọ́, àti pé èyíkéyìí tí ó bá yàtọ̀ sí i, ìbàjẹ́ ni. Bí ọmọ bá wí pé, "I don't know", tàbí "It's raining", wọn a ní kí ó tún un sọ pé, "I do not know", "It is raining." A bọ̀wọ̀ fún wọn, nítorí ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni pé kí ọmọ mọ ìwé kọ dáradára. Ṣùgbọ́n a kò lè gbà pẹ̀lú wọn.

Ní ọdún 1959, Randolph Quirk bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ńlá kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti kó èdè náà jọ bí àwọn àgbàlagbà tí ó kàwé ti ń lò ó ní tòótọ́. Àyọkà 200 ni iṣẹ́ náà kó jọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ 5,000 ọ̀rọ̀, tí àpapọ̀ wọn fi jẹ́ 1,000,000 ọ̀rọ̀. Ìdajì wọn jẹ́ ti ìwé, ìdajì sì jẹ́ ti ẹnu. Bí ó bá jẹ́ pé pàǹtí ni ọ̀rọ̀ ẹnu, ọ̀mọ̀wé bẹ́ẹ̀ kò ní fi ìdajì iṣẹ́ rẹ̀ fún un.

Ní ọdún 1999, Douglas Biber àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́rin gbé ìwé gírámà ńlá kan jáde, nínú èyí tí wọ́n fi ìtàkúrọ̀sọ wé ìwé ìtàn àròsọ, ìwé ìròyìn àti ìwé àwọn ọ̀mọ̀wé. Wọ́n rí i pé "I" àti "you" pọ̀ nínú ìtàkúrọ̀sọ, àti ìbéèrè, àti ìkékúrú bí "don't" àti "it's". Nínú ìwé àwọn ọ̀mọ̀wé, ọ̀rọ̀-orúkọ ni ó pọ̀, àti irú gbólóhùn tí ó ń wí pé "it was done" láìdárúkọ ẹni tí ó ṣe é. Irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀ ní ẹnu rárá. Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí. Ẹnu yóò wí pé, "The train came late because it rained." Kálàmù yóò kọ pé, "The arrival of the train was delayed by heavy rain." Ọ̀ràn kan náà ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀-ìṣe "came" àti "rained" ni ó ru ti ẹnu. "Arrival" àti "rain", tí wọ́n jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ, ni ó ru ti kálàmù. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ẹnu a máa bèèrè pé, "Who did you give it to?", tí kálàmù a sì máa kọ pé, "To whom did you give it?" Ẹni tí ó bá ń fi ti kálàmù bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ dàbí ẹni tí ó wọ agbádá lọ sí oko. Ẹni tí ó bá sì fi ti ẹnu kọ ìwé ìwáṣẹ́ dàbí ẹni tí ó wọ aṣọ oko lọ sí ibi ìyàwó. Aṣọ méjèèjì ni ó dára. Ibi tí a wọ̀ wọ́n lọ ni kò bá a mu.

Èdè tiwa náà jẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ yìí. A ń kọ "Kí ni ó dé?", ṣùgbọ́n "Kí ló dé?" ni a ń wí. A ń kọ "ẹni tí ó wá", ṣùgbọ́n "ẹni tó wá" ni a ń wí. Kò sí àgbà kan tí yóò bá ọmọ wí nítorí pé ó bi í pé, "Kí ló dé?" Èéṣe tí a ó fi máa bá a wí nítorí "don't"?

Ó tún yẹ kí olùkọ́ mọ ibi tí Yorùbá ti ń ṣi ọmọ lọ́nà, àti ibi tí ó ti ń ràn án lọ́wọ́. "Àbí?" kan ṣoṣo tó wa láti parí gbogbo ìbéèrè irú èyí. Nítorí náà ọmọ a máa fi "isn't it?" rọ́pò rẹ̀ níbi gbogbo, a sì máa wí pé, "He went, isn't it?" Ṣùgbọ́n ìtò Gẹ̀ẹ́sì a máa yí padà tẹ̀lé gbólóhùn tí ó ṣáájú: "He went, didn't he?", "You are coming, aren't you?", "She can't swim, can she?" Èyí jẹ́ ohun tí a ní láti fi ẹnu kọ́, nítorí inú ìtàkúrọ̀sọ ni ó ń gbé.

Ní ìdà kejì, ẹ wo "put off", tí ẹnu fẹ́ràn ju "postpone" lọ. A lè wí pé, "Put off the meeting", tàbí "Put the meeting off". Ṣùgbọ́n bí "it" bá rọ́pò "the meeting", àárín ni ó gbọ́dọ̀ wà: "Put it off". A kì í wí pé, "Put off it." Àwọn olùkọ́ mìíràn a máa pe èyí ní ohun ìyanu Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá ti mọ irú rẹ̀ láti ẹ̀yìn ìyá rẹ̀. "Bàjẹ́" ni ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n "Ó bà á jẹ́" ni a ń wí. "Gbàgbọ́" ni ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n "Mo gbà á gbọ́" ni a ń wí. Olùkọ́ tí ó bá fi èyí han ọmọ ti sọ ohun àjèjì di ohun ilé fún un.

Kí ni kí a ṣe? Nígbà tí a bá ń kọ ọ̀rọ̀ tuntun sí ara pátákó, ẹ jẹ́ kí a kọ gbólóhùn tí ó ti ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe ìtumọ̀ rẹ̀ nìkan. Ẹ jẹ́ kí a fún àwọn ọmọ ní àkókò láti bá ara wọn sọ̀rọ̀ ní ìtò ẹnu. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n fi ìtò kálàmù kọ ọ̀ràn kan náà ní ìwé, kí wọ́n lè fi ojú ara wọn rí ìyàtọ̀. Nígbà tí a bá sì mú yíǹkì pupa lọ́wọ́, kí a kọ́kọ́ bi ara wa léèrè bóyá gbólóhùn náà kò tọ̀nà, tàbí ńṣe ni kò sí ní ipò rẹ̀.

Ohun tí ó mú wa kọ̀wé yìí ni pé ọmọ tí a bá ń dá lẹ́kun ní gbogbo ìgbà tí ó bá ya ẹnu yóò pa ẹnu rẹ̀ dé. Kò sì ní ṣí i mọ́ nígbà tí ó bá dúró níwájú ẹni tí ó fẹ́ gbà á sí iṣẹ́, tàbí níwájú oníṣègùn tí kò gbọ́ Yorùbá. Àwa ni a ó dúró níwájú àwọn ọmọ wọ̀nyí. A ń retí èsì ẹ̀yin Olùkọ́ wa, àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa tí ẹ kò bá gbà pẹ̀lú wa.