Agogo Tí Ó Ń Ka Oṣù

Ẹ̀yin ará wa ní Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ àti Ìdó, agogo ọwọ́ tí a ń fi ọwọ́ yí, bí a kò bá yí i fún nǹkan bí ọjọ́ méjì, yóò dákẹ́. Ní ọdún 2007, ilé iṣẹ́ A. Lange & Söhne ní ilẹ̀ Jámánì gbé Lange 31 jáde. Sípíríǹgì méjì ni ó wà nínú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó mítà 1.85. Bí a bá fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ yí i kún, ó di ọjọ́ 31 kí ó tó dúró. Ọgbọ́n ńlá ni. A kò bú ẹni tí ó ṣe é.

Ṣùgbọ́n irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ náà ni òṣìṣẹ́ fi ń retí owó. Nígbà tí ìjọba yí padà ní Èkìtì ní oṣù kẹwàá ọdún 2018, wọ́n ṣì jẹ àwọn òṣìṣẹ́ ní owó oṣù mélòó kan. Ikùn kò ní sípíríǹgì: oúnjẹ àná kò lè gbé e dé ìparí oṣù.

Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa náà léèrè. Ọmọ ọ̀dọ̀ tí ó wà nílé yín, alágbàṣe tí ó ro oko yín, olùkọ́ tí ó ń kọ́ni nílé ìwé tí ẹ dá sílẹ̀, ṣé ẹ ti san owó wọn? Ẹni tí ó so agogo mọ́ ọwọ́ kò lè sọ pé òun kò mọ̀ pé oṣù ti parí. Ẹ san án lónìí.