Ẹ Má Sọ Pé Ehín Ọmọdé Yóò Já

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ọ̀rọ̀ kan wà tí à ń sọ tí kò dára. Bí ehín ọmọ bá ń bàjẹ́, a ó ní: «Ehín ọmọdé ni, yóò já, òmíràn yóò hù.» Ta ló ń jẹ ìrora kí ó tó já? Àwọn ehín ẹ̀yìn kan wà tí kì í já títí ọmọ fi pé ọdún 10 tàbí 12. Ọmọ ọdún 4 tí ehín rẹ̀ ti ní ihò, ṣé ọdún 6 ni kó fi máa sunkún lóru?

Ihò kì í ṣàdédé dé. Ara funfun tó bo ehín ló le jù lọ nínú ara ènìyàn. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ń lá bọ̀ǹbọ́ǹ láti àárọ̀ dalẹ́, àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí ń sọ ṣúgà náà di omi kíkan. Omi kíkan yìí ń jẹ ehín díẹ̀díẹ̀. Àmì àkọ́kọ́ ni àbàwọ́n funfun bí ẹfun, ní ìdí ehín. Ẹ ṣí ẹnu ọmọ yín, ẹ wò ó.

Nígbà yìí, àtúnṣe ṣì wà. Èròjà tó ń mú ehín le wà nínú itọ́. Fluor inú ọṣẹ ìfọhín ń ràn án lọ́wọ́ láti padà sára ehín. Bí ihò bá ti dé, kò sí ọṣẹ tó lè dí i. Ẹni tó bá ní ọṣẹ òun ń dí ihò, irọ́ ló ń pa. Ẹ gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn.

Ẹ ní owó kò sí? Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3, ìwọ̀n hóró ìrẹsì kan tó. Láti ọdún 3 sí 6, ìwọ̀n hóró ẹ̀wà kékeré kan. Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ni, kí àgbà bá a fọ̀ ọ́, kí ó tutọ́ dànù, kí ó má fi omi púpọ̀ yọ ẹnu. Ẹ ka owó bọ̀ǹbọ́ǹ oṣù kan, kí ẹ fi wé owó ọṣẹ kan. (N kò ní kí ẹ ju pákò nù o. Ẹ fi ọṣẹ kún un.)

Ní 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ọṣẹ tó ní fluor sínú ìwé àwọn oògùn tó ṣe pàtàkì jù. Síbẹ̀, àwọn kan ń ta èyí tí kò ní fluor. Ẹ ti mọ̀wé kà báyìí. Kí ẹ tó sanwó, ẹ yí páálí rẹ̀ wò. Ẹ wá f-l-u-o-r. Ẹ wá nọ́ńbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ppm: 1000 sí 1500 ló dára. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ dá a padà fún òǹtajà.