Ìròyìn Kò Tó Àfojúbà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Ìdóàní ni òwe yìí ti yé mi, nígbà tí mo lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ kọ́ra níbẹ̀. Wọ́n ní kí n kọ́ àwọn ọmọ ìwé karùn-ún bí a ṣe ń ṣírò ìwọ̀n àyè inú nǹkan. Mo kọ òfin rẹ̀ sójú pátákó lédè Gẹ̀ẹ́sì: gígùn lọ́nà ìbú lọ́nà gíga. Wọ́n kà á lákàtúnkà. Nígbà tí mo béèrè ìtumọ̀ rẹ̀, kẹ́kẹ́ pa mọ́ wọn lẹ́nu.

Lọ́jọ́ kejì, mo gbé àpótí pákó kan wá, tí inú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10 ní gígùn, ní ìbú àti ní gíga. Yorùbá ni a sọ. Àwọn ọmọ fi amọ̀ gé bíríkì kéékèèké, sẹ̀ǹtímítà kan níhà gbogbo. Ọgọ́rùn-ún ló tẹ́ ìsàlẹ̀ àpótí náà. Ìpele mẹ́wàá ni yóò sì kún un. Àwọn fúnra wọn ló sọ pé 1,000 ni. A kó amọ̀ kúrò, a tẹ́ ọ̀rá sínú rẹ̀, a da omi lítà kan sí i: ó kún dẹ́nu.

Mo tún mú kóńgò méjì jáde. Ẹnu wọn dọ́gba, gíga wọn dọ́gba, ṣùgbọ́n wọ́n ti lu ìdí ọ̀kan wọnú. A fi agolo wàrà wọn gàrí sí wọn. Onídìí lílù kò gbà tó èkejì. Ọmọ kan ní, “Abájọ tí ìyá mi fi máa ń fọwọ́ kan ìdí kóńgò!”

Èyí kì í ṣe àrà tuntun. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ Modákẹ́kẹ́ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́fà gbáko. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn, àní nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Síbẹ̀, ìlànà èdè abínibí tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2022, wọ́n fagi lé e ní 2025.

Àwọn kan ń sọ pé kò sówó ohun èlò. Èló ni amọ̀? Èló ni omi? Ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ má ṣe jẹ́ kí a fi ìṣirò sílẹ̀ fún oníṣirò nìkan. Ẹ jẹ́ kí a kọ ìwé tí olùkọ́ abúlé lè fi ṣe irú iṣẹ́ yìí ní Yorùbá. Ọmọ tí kò mọ ohun tí inú kóńgò gbà, ọjà ni yóò kọ́ ọ, owó rẹ̀ ni yóò sì fi sanwó ilé-ìwé náà.