Ẹ Má Fi Ọdẹ Ṣọ́ Igbó Láìbìkítà fún Ọta Rẹ̀

Ní ọjọ́ 29, oṣù kìíní ọdún 2024, àwọn agbébọn jí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ Apostolic Faith ti Èmùré-Èkìtì gbé. Ọjọ́ yẹn kan náà ni wọ́n pa ọba aládé méjì lójú ọ̀nà ní ìhà àríwá ìpínlẹ̀ náà. Láti Ìkẹ́rẹ́ dé Ìsẹ̀ àti Èmùré, ọdẹ ni gbogbo ẹnu ń pè pé kí wọ́n wá ṣọ́ igbó. Ta ló ń béèrè ohun tí ọdẹ yóò ki sínú ìbọn rẹ̀?

Iṣẹ́ ẹlẹgẹ́ ni iṣẹ́ ọta. Ní Amẹ́ríkà, òfin gba ọdẹ láyè láti tún ọta tó ti yìn kì fún ìlò ara rẹ̀. Idẹ tó gbé ẹ̀tù máa ń fẹ̀ bí ìbọn bá ti ró, wọ́n sì gbọ́dọ̀ tì í gba inú ihò irin kan kí ó tó padà sí ìwọ̀n rẹ̀. Bí wọn kò bá fi epo díẹ̀ pa á lára, yóò há sínú irin. Bí epo bá pọ̀ jù, idẹ yóò tẹ̀ wọnú. Bí wọn kò bá sì nù ún dáadáa, epo lè ba ẹ̀tù jẹ́. Ọta ìbọn ẹlẹ́nu méjì tí ọdẹ tiwa ń lò, tí ara rẹ̀ jẹ́ ike, kò nílò epo yìí, ṣùgbọ́n ìwọ̀n ẹ̀tù tirẹ̀ náà kò fẹ́ àṣìṣe. Ẹni tó bá ṣi ẹ̀tù wọ̀n lè fi ojú tàbí ọwọ́ san án.

Òfin Ìbọn ọdún 1959 gbà kí ọdẹ gba ìwé àṣẹ fún ṣakabùlà àti ìbọn ẹlẹ́nu méjì, ṣùgbọ́n kò gba aládàáni láyè láti ṣe ọta. Èrè irú òfin bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ abẹ́lẹ̀: kò sí ẹ̀kọ́, kò sí àbẹ̀wò, kò sí ẹni tó ń kà á.

Àwọn kan yóò ní bí a bá ṣílẹ̀kùn yìí, ọta yóò kún ọwọ́ ọ̀daràn. Ẹ̀rù wọn ní ìdí. Bí ìbọn ní apátí, bí kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí wọ́n dojú rẹ̀ kọ òun? Ṣùgbọ́n ẹni tó gbé AK-47 kò dúró de alágbẹ̀dẹ Ìkẹ́rẹ́. Ọdẹ tó lọ gba ìwé àṣẹ nìkan ni òfin yìí rí dè.

Ní ọdún 2023, Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí òfin DICON tuntun, tó ṣí àyè fún ilé-iṣẹ́ aládàáni nínú ṣíṣe ohun ìjà. Bí olówó bá rí àyè, kí ló dé tí ọdẹ kò fi ní rí i?

Ọwọ́ ìjọba àpapọ̀ ni ọ̀rọ̀ ọta wà, nítorí náà kí àwọn aṣòfin Èkìtì ní Àbújá gbé e dìde. Kí wọ́n fún ìwọ̀nba alágbẹ̀dẹ tó kọ́ṣẹ́ ní ìwé àṣẹ, lábẹ́ ojú ọlọ́pàá. Kí ọdẹ máa dá òfìfo ọta padà kí ó tó gba tuntun. Èyí tí a kà la lè ṣọ́. Ìjọba tí kò lè ṣe èyí kò gbọdọ̀ tún rán ọdẹ lọ dojú kọ agbébọn nínú igbó.