Ẹ Má Pè É Ní Ojo

Olóòtú,

Níbi onígbàjámọ̀ ni wọ́n ti ń fi Gary Foust, awakọ̀ bàálù ogun Amẹ́ríkà, ṣe yẹ̀yẹ́. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kejì, 1970, F-106 rẹ̀ ń pòòyì lókè Montana, ló bá fò jáde. Àṣé fífò tó fò gan-an ló mú bàálù náà bọ́ sípò! Ó dá fi àyà balẹ̀ sórí pápá tí yìnyín bò nítòsí Big Sandy. Wọ́n tún un ṣe, ó tún fò.

Ṣé ojo nìyẹn? Ní 2021, Abayomi Dairo tiwa náà fò jáde nígbà táwọn agbébọn yìnbọn lu bàálù rẹ̀ ní ààlà Zamfara àti Kaduna. Ó yè é. Bàálù ṣeé rà. Ẹ̀mí ò láàrọ̀.

Òǹkàwé yín,
Òṣogbo.