Tíṣà Tó Fo Orí Kan Nínú Ìwé Ìtàn

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ wa, ta ló kọ́ wa nípa ogun abẹ́lé Nàìjíríà dé ibi tó ti ń dunni? Ọ̀pọ̀ wa mọ̀ pé oṣù keje 1967 ló bẹ̀rẹ̀, pé oṣù kìíní 1970 ló parí. Ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ máa ń tán sí.

Ẹjọ́ tíṣà nìkan kọ́. Ìlànà ẹ̀kọ́ tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní 2007 kò jẹ́ kí Ìtàn dá dúró mọ́ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama kékeré. Ní 2022, ìjọba ní ó ti padà. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí iṣẹ́ padà sí kíláàsì kò ní kí ọkàn tíṣà balẹ̀ láti kọ́ ọ.

Ẹ wo kíláàsì kan l'Ékòó tí ọmọ Yorùbá àti ọmọ Igbo jọ jókòó sí. Ọ̀rọ̀ kan Awólọ́wọ̀, tó jẹ́ kọmíṣánnà fún ètò ìnáwó nígbà ogun náà. Ọmọ kan ti gbọ́ nílé pé kò sí olórí bíi rẹ̀. Èkejì ti gbọ́ nílé tirẹ̀ pé òun ló fi ebi pa àwọn ènìyàn wọn, pé òun ló wà nídìí ogún pọ́n-ùn tí wọ́n fún àwọn tó ní owó ní báǹkì lẹ́yìn ogun. Tí tíṣà bá gbè é, òbí kan á dé lọ́la. Tó bá dá a lẹ́bi, òbí mìíràn á dé. Ó rọrùn kó ní, "Ẹ lọ kà á nílé."

Àmọ́ orí fóònù làwọn ọmọ ti ń kà á, láàárín èébú ẹ̀yà. Nígbà tí ìwé Chinua Achebe, There Was a Country, jáde ní 2012, ìjà ńlá ṣẹlẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí kan náà. Àwọn kan jogún ìjà náà láì ṣí ìwé náà wò rí.

Kí wá ni tíṣà ń rí gbà lọ́wọ́ àwùjọ? Nínú fídíò ẹ̀fẹ̀, bàtà rẹ̀ ti jẹ, pàṣán wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń tọrọ owó lọ́wọ́ ọmọ iléèwé. Wọ́n á tún ní ọ̀run ni èrè rẹ̀ wà. Bí ẹnìkan bá gé ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ ogójì ìṣẹ́jú, tó gbé e síta, ìdájọ́ ti dé kí ẹnikẹ́ni tó béèrè ohun tó sọ ṣáájú. Ẹni tí a ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ lójoojúmọ́ kò ní rí ẹni gbà á sílẹ̀ lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ bá le. Tíṣà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyí tó fi ń pa ẹnu mọ́.

Lóòótọ́, tíṣà kan wà tó ń fi kíláàsì polongo ẹgbẹ́ òṣèlú tàbí ẹ̀sìn rẹ̀. Ẹ̀rù òbí kì í ṣe lásán. Ṣùgbọ́n dídákẹ́ kọ́ ni oògùn rẹ̀. Kí tíṣà gbé ohun tí ìhà méjèèjì kọ sílẹ̀ síwájú ọmọ, kó bi wọ́n pé: ta ló kọ ọ́, kí ló mọ̀ nígbà yẹn, kí ló fẹ́ ká gbàgbọ́? Kó fi èrò tirẹ̀ sápò. Kí ọ̀gá iléèwé sì ti sọ fún àwọn òbí ṣáájú pé ẹ̀kọ́ náà ń bọ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti jáde, tí wọ́n bá fẹjọ́ tíṣà kan sùn ní iléèwé yín àtijọ́, ẹ ní kí wọ́n sọ odindi ẹ̀kọ́ náà kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí ìwé ẹ̀sùn. Ẹ̀yin tí wọ́n máa rán lọ kọ́ṣẹ́ tíṣà, ẹ má fo orí yẹn.