Bí Sílíkónì Àyà Bá Ṣípò, Ta Ni Yóò Sanwó Iṣẹ́ Abẹ Kejì?

Télọ̀ tó mọṣẹ́ ní Alápẹ̀rẹ̀, ní Èkó, kì í fojú wọn oníbàárà. Á fa téèpù láti èjìká dé orí ọmú, á wọn àárín orí ọmú méjèèjì, á wọn abẹ́ ọyàn, á sì kọ ọ́ sínú ìwé. Bí ọ̀tún bá fi íńṣì kan rẹlẹ̀ ju òsì lọ, téèpù á fi í hàn. Nítorí náà, kò yẹ kó yani lẹ́nu bó bá jẹ́ télọ̀ ló kọ́kọ́ mọ̀ pé sílíkónì tí obìnrin kan fi sáyà ti kúrò níbi tí wọ́n gbé e sí. Dókítà tó ṣe iṣẹ́ náà lè má gbọ́ sí i rárá, nítorí láti ọjọ́ tí wọ́n ti yọ òwú ojú abẹ ni òun àti obìnrin náà ti pínyà.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ kò ṣòroó yé. Dókítà á la àyè sáàárín ẹran ọyàn àti iṣan àyà, tàbí sábẹ́ iṣan náà gan-an, á sì ki sílíkónì sí i. Ara mọ̀ pé àlejò dé, á fi àpá yí i ká. Bí àyè tí wọ́n là bá gbòòrò jù, sílíkónì á máa rìn: bí obìnrin náà bá fẹ̀yìn lélẹ̀, á yọ̀ lọ sí abíyá. Bí wọ́n bá gé ẹran jù lẹ́gbẹ̀ẹ́ egungun àárín àyà, méjèèjì á fẹ́ pàdé. Bí ìlà abẹ́ ọyàn bá já, sílíkónì á rì sísàlẹ̀, orí ọmú á sì dojú kọ òkè. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, àpá náà ló máa ń sún kì, á tì í sókè, á le gbagidi, á sì máa dunni. Èyí tó bá wúwo ju ohun tí awọ lè gbé lọ, awọ á jọ̀wọ́ rẹ̀ bó pẹ́ bó yá. Oyún wà níbẹ̀, kí èèyàn rù tàbí kó sanra náà wà níbẹ̀. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ẹ̀bi dókítà, kò sì tọ́ kí ẹnikẹ́ni figbe ta lọ́sẹ̀ kejì, nítorí sílíkónì tuntun máa ń wà lókè fún oṣù mélòó kan kó tó sọ̀ sáyè rẹ̀.

Ṣùgbọ́n bó bá ti ṣípò tán, kò sí oògùn tàbí ìfọwọ́ra tó ń dá a padà lọ títí. Wọ́n á tún là á ni: wọ́n á rán àpá mọ́ra, wọ́n á yí àyè rẹ̀ padà, tàbí kí wọ́n fi èyí tó kéré rọ́pò. Iṣẹ́ abẹ kejì yìí sábà máa ń le ju ti àkọ́kọ́. Owó tí wọ́n sì ń polówó lórí Instagram, owó ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni. Ẹ̀tàn wà níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí irọ́ nínú rẹ̀. Ilé ìwòsàn tí kò bá lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹni báyìí ni yóò ṣe àtúnṣe, iye báyìí ni, ẹni báyìí ni yóò sì san án, kò yẹ kó fọwọ́ kan àyà ẹnikẹ́ni.

Ojú àwọn òyìnbó pàápàá rí màbo kí wọ́n tó gbọ́n. Ọdún 1962 ni wọ́n kọ́kọ́ fi sílíkónì sáyà obìnrin kan ní Houston, ní Amẹ́ríkà. Láti 1992 títí di 2006, FDA, àjọ tó ń ṣàkóso oúnjẹ àti oògùn níbẹ̀, kò gbà kí wọ́n fi sílíkónì oní-gẹ́ẹ̀lì sáyà ẹni tó kàn ń wá ẹwà. Ní 2010, àṣírí tú pé ilé iṣẹ́ PIP ní Faransé ń fi sílíkónì tí kò yẹ fún ara èèyàn ṣe tirẹ̀. Nǹkan bí 300,000 obìnrin káàkiri ayé ló ti gbé e sáyà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwádìí àwọn tó gbé ti PIP sáyà dogun, èyí sì wà lára ohun tó mú kí wọ́n dá ìwé àkọsílẹ̀ àwọn tó ń fi sílíkónì sáyà sílẹ̀ ní 2016. FDA fúnra rẹ̀ pàṣẹ ní 2021 pé kí dókítà máa ka ewu rẹ̀ fún obìnrin lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan pé sílíkónì kì í báni dalẹ́.

Ní tiwa ní Nàìjíríà, ikú nìkan ló ń jẹ́ ìròyìn. Gbogbo ayé gbọ́ nígbà tí Stella Obasanjo, aya Ààrẹ ìgbà náà, kú ní Spain ní oṣù kẹwàá 2005 lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ẹwà, ilé ẹjọ́ sì dá dókítà náà lẹ́bi ní 2009. Sílíkónì tó ṣípò kì í pààyàn. Obìnrin á kàn máa yan aṣọ tó fẹ̀, á máa sùn sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹnikẹ́ni kò sì ní bi í.

Àwọn kan á ní, “Ta ló rán an níṣẹ́?” Ọ̀rọ̀ burúkú ni. Àwọn tí jẹjẹrẹ ti mú kí wọ́n gé ọyàn wọn náà ń lo sílíkónì yìí, ọ̀nà kan náà ló sì ń gbà ṣípò. Ẹni tó wá ẹwà pẹ̀lú, owó ló san, kò tọrọ.

Òfin kò sì ṣàìsí. Abala 23 nínú Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti 2014 sọ pé kí wọ́n ṣàlàyé ewu, owó àti àbáyọrí ìtọ́jú fún aláìsàn, ní èdè tó gbọ́, níbi tó bá ti ṣeé ṣe. Ní Kosofe, ìjọba ìbílẹ̀ tí Alápẹ̀rẹ̀ wà, èdè náà lè jẹ́ Yorùbá. Ẹ wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀: ìwé Gẹ̀ẹ́sì olójú-ewé púpọ̀, “sáìnì síbí, mà”, ó parí.

Nígbà tí nǹkan bá wọ́ tán, tí ilé ìwòsàn aládàáni kò gbé fóònù mọ́, obìnrin Alápẹ̀rẹ̀ lè gba Ọjọ́ta àti Maryland lọ sí Igbóbì, níbi tí ilé ìwòsàn ìjọba ti ní ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ àtúnṣe ara. Ìbéèrè tí yóò bá níbẹ̀ kò le: ilé iṣẹ́ wo ló ṣe sílíkónì náà, ìwọ̀n rẹ̀ ńkọ́, ṣé òkè iṣan ló wà tàbí ìsàlẹ̀? Káàdì pélébé kan tó ń bá sílíkónì wá láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é ti dáhùn méjì nínú rẹ̀. Ti obìnrin náà ni káàdì yìí, kì í ṣe ti dókítà. Bí kò bá sí lọ́wọ́ rẹ̀, afẹ́fẹ́ ni dókítà kejì ń gbá mú.

HEFAMAA, àjọ tó ń fún ilé ìwòsàn níwèé àṣẹ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, lè tún èyí ṣe láìdúró de òfin tuntun. Kí ó má ṣe fọwọ́ sí ìwé àṣẹ ibikíbi tí wọ́n ti ń fi sílíkónì sáyà, àfi bí wọ́n bá kọ́kọ́ gbé ohun mẹ́ta kalẹ̀: ìwé àdéhùn tí Yorùbá wà nínú rẹ̀, ẹ̀rí pé káàdì ń dé ọwọ́ obìnrin, àti iye owó iṣẹ́ abẹ kejì, kí wọ́n kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́ lórí ìwé kan náà.